Adùn Inú Wísíkì: Ara Igi Àgbá Ló Ti Ń Wá

ÌBÉÈRÈ YÍN, ÌDÁHÙN WA

Ìbéèrè: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, mo kí yín fún iṣẹ́ ribiribi tí ẹ ń ṣe. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń mu ọtí púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wù mí kí n ní ìgò wísíkì kan tí mo lè máa bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ife ní alẹ́ ọjọ́ ìsinmi, kí n sì rọra máa fẹnu bà á láìpo nǹkan kan mọ́ ọn. Ìgò méjì ni mo ti rà. Ti àkọ́kọ́ wá láti erékùṣù Islay ní Skọ́tlándì, bí mo sì ti gbé e sún mọ́ imú ni òórùn èéfín àti òórùn oògùn ilé ìwòsàn kọlù mí. Èkejì jẹ́ wísíkì Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ọkà ráì ṣe, ó sì ta mí lẹ́nu bí ata. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ pọ̀ jù, pé bí wísíkì bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ó ṣe ń dùn sí i. Ẹlòmíràn ní kí n ra èyí tí wọ́n kọ “oyin” sí lára. Adùn ni mo ń wá lóòótọ́, àmọ́ n kò fẹ́ ohun tí yóò dà bí omi ṣúgà. Kí ni kí n rà? — *Òǹkàwé tí ń wá adùn*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó. Ìgò méjèèjì tí ẹ rà lè jẹ́ ọtí tí ó dára gan-an, ohun tí ẹ ń wá ni kò sí nínú wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe wísíkì ní Islay máa ń fi èéfín píìtì gbẹ ọkà báálì wọn kí wọ́n tó fi ṣe ọtí. Píìtì yìí ni ewéko ayé àtijọ́ tí ó ti jẹrà sínú ilẹ̀ irà, tí wọ́n ń wà jáde, tí wọ́n ń sá títí yóò fi gbẹ, tí wọ́n sì ń dáná sí bí ẹni dáná sí igi. Èéfín rẹ̀ ni ó ń wọ ara ọkà náà, òun náà ni ó sì rùn bí oògùn sí yín nímú. Laphroaig, Lagavulin àti Ardbeg ni orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú èyí, àwọn tí ó fẹ́ràn wọn sì fẹ́ràn wọn dénú. Ní ti ráì, ọkà tí ó máa ń ta lẹ́nu ni. Nígbà tí ẹ bá sì rí “rye” lára ìgò wísíkì Amẹ́ríkà, ó kéré tán ìdá 51 nínú 100 lára ọkà tí wọ́n fi ṣe é ni ráì. Ẹni tí ń wá adùn kò yẹ kí ó gba ọ̀nà méjèèjì yìí wọlé.

Kí n tó dárúkọ ìgò kankan, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin, nítorí òun ni yóò máa tọ́ yín sọ́nà ní ọjọ́ tí ẹ bá dúró níwájú pẹpẹ tí ìgò kún dẹ́nu, tí kò sì sí ẹni tí ẹ lè bi. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ṣúgà kankan nínú wísíkì gidi. Ṣúgà tí ó ti ara ọkà jáde ni ìwúkàrà ti jẹ, tí ó sì ti sọ di ọtí. Nígbà tí wọ́n bá sì gbé ọtí náà kaná, ohun tí ó lè di oru nìkan ni ó ń gòkè, tí ó ń gba inú ọ̀pá kọjá lọ sí ibi tí yóò ti tutù, tí yóò tún padà di omi. Ṣúgà kì í bá oru gòkè. Ohun tí ó ń kán sílẹ̀ ní ìparí iṣẹ́ yẹn mọ́ gaara bí omi òjò, ó le, ó ń jóni lọ́fun, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò ní rí adùn ṣúgà nínú rẹ̀.

Níbo wá ni adùn tí àwọn ènìyàn ń sọ ti ń wá? Imú ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òórùn fànílà, ti oyin, ti àgbọn, ti ṣúgà tí wọ́n sun lórí iná, gbogbo wọn jẹ́ òórùn tí a ti mọ̀ mọ́ ohun dídùn láti kékeré, nígbà tí wọ́n bá sì ti ẹ̀yìn ọ̀fun gba imú jáde, ahọ́n á gba ẹ̀rí imú gbọ́, á ní adùn ni òun ń tọ́. Ẹ lè dán èyí wò fúnra yín. Ẹ fi ìka méjì dí imú, ẹ fẹnu kan ọtí náà, ẹ ó rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju gbígbóná àti ìkorò díẹ̀ lọ. Ẹ tú imú sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e mì, adùn náà yóò sì yọ jáde lójijì. Èmi ka ìdánwò kékeré yìí sí ẹ̀kọ́ tí ó wúlò jù lọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu wísíkì.

Àwọn òórùn wọ̀nyí, igi ni ó ń fún ọtí ní púpọ̀ nínú wọn. Igi óákù ni wọ́n fi ń ṣe àgbá wísíkì, wọ́n sì máa ń fi iná yan inú àgbá náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà tilẹ̀ máa ń jẹ́ kí ó jó títí ojú igi náà yóò fi di èédú. Iná yìí ń tú ohun tí ó so igi pọ̀ palẹ̀. Lára rẹ̀ di vanillin, èyí tí í ṣe òórùn fànílà gan-an. Lára rẹ̀ di ohun tí ó ń rùn bí ṣúgà sísun. Ní àfikún, igi óákù funfun ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní èròjà kan tí ó ń rùn bí àgbọn, èròjà náà sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju inú óákù ilẹ̀ Yúróòpù lọ. Àgbá tí ẹnikẹ́ni kò ì tíì lò rí ni ó ń fúnni ní àwọn nǹkan wọ̀nyí jù lọ, gẹ́gẹ́ bí ewé tíì tí a kọ́kọ́ bu omi gbígbóná sí ti ń sọ adùn rẹ̀ jáde ju èyí tí a ti lò lẹ́ẹ̀mẹta lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí ẹni tí ń wá adùn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bourbon ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òfin ilẹ̀ náà ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún yín tẹ́lẹ̀. Ó sọ pé ó kéré tán ìdá 51 nínú 100 ọkà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àgbàdo, ọkà tí ọtí rẹ̀ máa ń rọ̀, tí ó sì máa ń fara jọ ohun dídùn. Pé inú àgbá óákù tuntun tí wọ́n ti sun inú rẹ̀ ni kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Pé agbára ọtí náà kò gbọdọ̀ ju ìdá 62.5 nínú 100 lọ nígbà tí ó bá ń wọ àgbá. Àti pé wọn kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ tàbí adùn àtọwọ́dá kankan kún un. Bí wọ́n bá fi “straight” ṣáájú orúkọ náà, ó ti lo ọdún méjì ó kéré tán nínú àgbá.

Ṣùgbọ́n bourbon pẹ̀lú bourbon kì í dọ́gba. Lẹ́yìn àgbàdo, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi ọkà ráì ṣe ìkejì, ẹ sì ti mọ bí ráì ṣe ń ṣe yín lẹ́nu. Àwọn kan wà tí ó fi àlìkámà rọ́pò ráì, àwọn yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wá kàn: Maker’s Mark, Larceny, àti W. L. Weller. Àlìkámà kì í ta, ó máa ń jẹ́ kí fànílà àti òórùn ṣúgà sísun inú igi náà hàn kedere láìsí ohun tí ń bá wọn jà. Maker’s Mark ni ó rọrùn láti rí jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ kò bá rí ìkankan nínú wọn, Jack Daniel’s ti ìpínlẹ̀ Tennessee kò burú: àgbàdo pọ̀ nínú ọkà rẹ̀, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ọtí tuntun náà rọra kán gba inú èédú igi mápùlù kọjá kí ó tó wọ àgbá, èyí tí ń mú kí ó rọ̀ lẹ́nu. Gentleman Jack, tí í ṣe àbúrò rẹ̀, ń gba inú èédú yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀nà kejì ni ti Skọ́tlándì, adùn ibẹ̀ sì yàtọ̀. Púpọ̀ nínú àgbá tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jẹ́ àgbá tí bourbon ti lò tán, nítorí náà adùn igi náà á ti fúyẹ́ díẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ wá lára ìgò wọn ni orúkọ wáìnì tí ó ti gbé inú àgbá náà rí. Àgbá wáìnì sherry ti ilẹ̀ Spéìn, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní Oloroso tàbí Pedro Ximénez, máa ń fún wísíkì ní òórùn èso àjàrà gbígbẹ, ti ọ̀pọ̀tọ́, àti ti àkàrà òyìnbó tí èso kún inú rẹ̀. GlenDronach 12 jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára, nítorí irú àgbá méjèèjì ni wọ́n lò fún un. Glenfarclas àti Macallan Sherry Oak náà wà ní ìlà yẹn. Glenmorangie Quinta Ruban parí ìgbà rẹ̀ nínú àgbá wáìnì port ti ilẹ̀ Pọ́túgàl. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí adùn oyin àti fànílà ti àgbá bourbon pàdé èso ti sherry nínú ife kan náà, Balvenie DoubleWood 12 ni kí ó rà, nítorí pé inú oríṣi àgbá méjèèjì yìí ni ó gbà kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì.

Ẹ fura díẹ̀ sí àwọn tí sherry wọn pọ̀ jù. Igi óákù ilẹ̀ Yúróòpù, tí ó pọ̀ nínú irú àgbá bẹ́ẹ̀, lè mú kí ọtí fa ẹnu yín gbẹ bí tíì tí ó pẹ́ jù nínú omi gbígbóná. Imú á máa sọ adùn, ẹnu á máa sọ ìkorò. Aberlour A’bunadh jẹ́ ọtí tí mo bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ti inú àgbá jáde ni wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò, láìbu omi là á, agbára rẹ̀ sì sábà máa ń lé ní ìdá 60 nínú 100 tàbí kí ó súnmọ́ ọn. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú.

Bí ẹ bá wá ń wá èyí tí ó wà láàárín méjèèjì, ẹ yà sí Írẹ́lándì. Púpọ̀ nínú wísíkì wọn kò ní èéfín píìtì, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì ń sè lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Redbreast 12, tí wọ́n fi báálì tí wọ́n mú hù àti báálì tútù ṣe pọ̀, tí apá kan rẹ̀ sì gbé inú àgbá sherry, nípọn lẹ́nu, ó rọ̀, adùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kí ó tó kúrò ní ọ̀fun.

Ẹ jẹ́ kí a wá fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín nípa ọjọ́ orí. Kò parọ́, àmọ́ òótọ́ rẹ̀ kò pé. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ nínú àgbá máa ń mú ìrunú ọtí tuntun kúrò, wọ́n sì ń kó adùn igi wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá ibì kan, ìkorò igi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú, pàápàá nínú bourbon tí àgbá rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí ooru Kentucky, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí bourbon ti gbajúmọ̀ jù, sì ń tì í wọnú igi kíákíá. Ohun tí ó ń mú kí wísíkì àgbà wọ́n lówó jù ni pé ọtí ń gba ara igi fò lọ: ní Skọ́tlándì, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ni ó ń pòórá lọ́dọọdún, nígbà tí ọdún 25 bá fi máa pé, àgbá náà ti jọ̀wọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n rọ sí i. Owó tí ẹ bá fẹ́ fi ra ọdún, ẹ fi ra àgbá tí ó dára. Ẹ má sì jẹ́ kí dúdú ọtí náà tàn yín jẹ, nítorí òfin Skọ́tlándì fàyè gba kí wọ́n fi ṣúgà sísun tí wọ́n ń lò fún àwọ̀ pa á láró. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní adùn kankan láti fúnni.

Agbára ọtí náà ṣe pàtàkì fún yín ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ọtí líle máa ń jí ibi kan náà tí iná àti ata ń jí nínú ẹnu wa. Ibẹ̀ kì í sábà ké títí ohun tí ó kàn án yóò fi gbóná tó bí ìwọ̀n 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n bí ọtí bá ti bà á, ìwọ̀n 34 péré ti tó láti mú un ké. Níwọ̀n bí ẹnu wa ti gbóná ju ìyẹn lọ, a ó ní ọtí ń jó wa. Ìjóná yẹn ni ó ń bo adùn mọ́lẹ̀. Ẹ ra èyí tí ó wà láàárín ìdá 40 sí 46, kí ẹ sì ní omi mímọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i, bí ìlàjì ṣíbí tíì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un tọ́ wò. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Linnaeus ní Swídìn, Björn Karlsson àti Ran Friedman, fi ìṣirò kọ̀ǹpútà ṣàlàyé pé bí a bá bu omi la wísíkì, ọtí inú rẹ̀ á túbọ̀ lọ sí ojú òkè, á sì gbé guaiacol, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn èròjà olóòórùn rẹ̀, dání lọ síbẹ̀, níbi tí imú ti lè gbọ́ ọ. Yìnyín ní tirẹ̀ ń dín ìjóná kù, ṣùgbọ́n ó ń dín òórùn kù pẹ̀lú, àwa sì ti sọ pé inú òórùn ni adùn wà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà yín níyànjú láti fi yìnyín bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ìgò “oyin”. Ẹ ka àkọlé rẹ̀ dáadáa. Jack Daniel’s Tennessee Honey, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ wísíkì tí wọ́n po ọtí oyin mọ́, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 35 nínú 100, tí kò tó ìdá 40 tí òfin béèrè kí ohun kan tó lè jẹ́ wísíkì lásán. Drambuie jẹ́ wísíkì Skọ́tlándì tí wọ́n fi oyin àti ewé olóòórùn sí. Nínú irú ìgò báwọ̀nyí, ahọ́n kò ní ìdí láti gba ẹ̀rí imú, nítorí pé ohun dídùn wà níbẹ̀ ní ti gidi. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ kò jẹ̀bi, àmọ́ ẹ̀yin ti sọ pé ẹ kò fẹ́ omi ṣúgà, mo sì gbà yín gbọ́. Ẹ ra Maker’s Mark ṣáájú. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí ìgò tí yóò tẹ̀ lé e jẹ́ Balvenie DoubleWood tàbí Redbreast, kí ẹ lè mọ̀ bóyá adùn igi ni ọkàn yín fà sí tàbí adùn èso. Bí ilé ọtí tí ẹ mọ̀ bá ń ta á ní ife kọ̀ọ̀kan, ẹ tọ́ ọ wò níbẹ̀ ná kí ẹ tó ra odidi ìgò.

Ìbéèrè: Rọ́ọ̀mù ni èmi ń mu ní tèmi, mo sì fẹ́ràn èyí tí ó dùn. Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ pé ṣúgà ni wọ́n ń dà sí i. Ṣé òótọ́ ni, báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀? — *Olólùfẹ́ rọ́ọ̀mù*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni nípa àwọn kan, kì í ṣe òótọ́ nípa gbogbo wọn. Inú oje ìrèké tàbí inú mọ̀lásísì tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti mú ṣúgà jáde ni rọ́ọ̀mù ti ń wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn. Bí mo ti ṣàlàyé lókè, ṣúgà kì í bá oru gòkè, nítorí náà rọ́ọ̀mù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde gbẹ gẹ́gẹ́ bí wísíkì ni. Bí ẹ bá wá bá èyí tí ó dùn bí omi oyin, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ètè, ẹnìkan ni ó fi ohun dídùn sí i. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fàyè gba kí wọ́n fi ohun dídùn sí rọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n òfin wọn ti ọdún 2019 kò jẹ́ kí ó ju gíráàmù 20 lọ nínú lítà kan. Ohun tí ó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọn kì í sábà kọ ọ́ sára ìgò, bẹ́ẹ̀ ó tọ́ kí ẹni tí ń fi owó rẹ̀ ra ọtí mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kan tí kò náni lówó ni pé kí ẹ kán ọtí náà díẹ̀ sórí àwo mímọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Èyí tí kò ní ṣúgà á gbẹ, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ìka yín; èyí tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ á ṣẹ́ ohun kan kù tí yóò máa fà bí oje igi. Àwọn tí ó fẹ́ wádìí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń lo òṣùwọ̀n onígíláàsì kan tí ń léfòó nínú ọtí láti sọ agbára rẹ̀. Ṣúgà máa ń mú kí ọtí wúwo, nítorí náà òṣùwọ̀n náà á sọ pé agbára rẹ̀ kéré sí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, bí àlàfo àárín méjèèjì bá sì ṣe fẹ̀ tó ni ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, ẹ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì: Systembolaget ní Swídìn àti Alko ní Finland, tí wọ́n jẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ta ọtí, máa ń kọ ìwọ̀n ṣúgà inú ọtí sí abẹ́ orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rọ́ọ̀mù tí adùn rẹ̀ jẹ́ ti igi, ẹ tọ́ Foursquare ti Barbados tàbí Appleton Estate ti Jàmáíkà wò. Ó lè kọ́kọ́ dà bí ẹni pé wọ́n gbẹ jù fún yín, nítorí pé ẹnu yín ti mọ́ ti ṣúgà. Ẹ fún un ní ìgbà díẹ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nídìí Cognac, ọtí líle tí wọ́n ń fi èso àjàrà ṣe ní ilẹ̀ Faransé, àti Tequila, ọtí líle ti ilẹ̀ Mẹ́síkò. Òfin Cognac fàyè gba ṣúgà díẹ̀ àti omi tí wọ́n fi igi óákù sè, òfin Tequila sì fàyè gba àfikún tí kò ju ìdá 1 nínú 100 lọ. Wísíkì Skọ́tlándì kò fàyè gba ju omi àti àwọ̀ ṣúgà sísun yẹn lọ.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ ṣúgà ń bá mi jà. Níwọ̀n bí ẹnìkan ti sọ fún mi pé kò sí ṣúgà nínú wísíkì, ṣé mo lè máa mu ún láìbẹ̀rù? — *Ẹni tí ń ṣọ́ ara rẹ̀*

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má gbé e gba ibẹ̀ yẹn. Òótọ́ ni pé wísíkì lásán kì í fi ṣúgà kún ẹ̀jẹ̀. Ewu rẹ̀ wà ní òdìkejì. Ẹ̀dọ̀ wa ni ó máa ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí a kò bá jẹun, bí ọtí bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á pa iṣẹ́ yẹn tì láti kọ́kọ́ palẹ̀ ọtí mọ́. Fún ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tàbí tí ń lo oògùn bíi glibenclamide àti glimepiride, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè jẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí ó ti mutí, nígbà tí ó bá ti sùn. Èyí tí ó léwu jù ni pé gbígbọ̀n, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn àti ọ̀rọ̀ tí kò já gaara tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń fà jọ ti ẹni tí ó mutí yó, àwọn tí ó wà nítòsí sì lè fi í sílẹ̀ kí ó sùn nígbà tí ó yẹ kí wọ́n máa wá ìrànlọ́wọ́. Metformin, tí òun náà jẹ́ oògùn ìtọ̀ ṣúgà, pẹ̀lú ọtí púpọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ẹ bi dókítà yín tí ó mọ oògùn tí ẹ ń lò, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ń mu fún un bí ó ti rí. Bí ó bá gbà yín láàyè, ẹ má ṣe mu ún lórí òfìfo, ẹ yẹ ṣúgà yín wò kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì jìnnà sí ìgò olóyin tí mo mẹ́nu kàn lókè, nítorí òfin Yúróòpù béèrè kí ó kéré tán gíráàmù 100 ṣúgà wà nínú lítà kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú irú ọtí aládùn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì ní kí ẹ má mu rárá, ẹ gbọ́ tirẹ̀ ju tèmi lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ní oṣù kìíní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè pè ní aláìléwu fún ìlera, ìyẹn sì kan ẹni tí ara rẹ̀ le koko pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Mo ṣí ìgò bourbon kan ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ó sì ku díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Adùn rẹ̀ kò rí bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? — *Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́*

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ ní ti pé yóò ṣe yín níbi, nítorí ọtí tí ó le tó bẹ́ẹ̀ kò fàyè gba kòkòrò. Afẹ́fẹ́ ni ó ti wọ inú ìgò náà. Níwọ̀n ìgbà tí ọtí ṣì kún ìgò, afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè rẹ̀ kéré. Bí ó bá ti lọ sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ pọ̀ ju ọtí lọ, àwọn òórùn tí ó fúyẹ́, tí adùn fànílà àti ti èso wà lára wọn, á sì máa ṣá díẹ̀díẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, nígbà tí ìgò yín bá ti dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ da ìyókù rẹ̀ sínú ìgò kékeré mímọ́ tí yóò kún dé ọrùn, kí ẹ sì dé e pinpin. Ẹ gbé e nàró, ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ rẹ̀ bí ìgò wáìnì, nítorí ọtí líle máa ń jẹ kọ́ọ̀kì títí yóò fi rún. Ibi tí oòrùn kò dé ni kí ó wà. Èyí tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín nísinsìnyí, ẹ mu ún láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, láìbu omi sí i, nítorí òórùn rẹ̀ kò ní èyí tí yóò tún fi tọrẹ mọ́.